Ọdún Mélòó Ni Mo Máa Fi Padà Lọ Yẹ Ìfun Mi Wò?

Lọ́dún 2015, nígbà tí mo pé ẹni ọdún 51, mo lọ ṣe àyẹ̀wò ìfun ńlá, èyí tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe láti wá jẹjẹrẹ. Ẹni tó fa ìwé èsì lé mi lọ́wọ́ ní, "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ o, Màmá. Ó di ọdún mẹ́wàá." Ara mi yá gágá. Mo gun ọ̀kadà délé, mo fi àkàrà ṣe sàárà fún àwọn ọmọ àdúgbò, mo ká ìwé náà sínú ọ̀rá, mo sì tì í bọ abẹ́ àwọn aṣọ inú àpótí mi. Mi ò kà á. Ọdún méjì gbáko ló fi wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí wọ́n fẹnu sọ fún mi.

Àdìrẹ ni mò ń ṣe, l'Óṣogbo ìlú aró. Èmi kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ìfun ńlá ti gba ilé wa kọjá, ó sì mú ẹnì kan lọ. Mo ti wá mọ̀ pé ọdún mẹ́wàá tí gbogbo èèyàn ń pè kiri yẹn, ó ní ẹni tó ni ín. Ẹni tí kò bá ni ín tó gbé e wọ̀, ewu ńlá ló gbé wọ̀.

Ọmọ ìyá mi, àkọ́bí Àlàájà ìyá wa, ló kú ní 2009. Ẹni ọdún 54 ni. Awakọ̀ ni, Òṣogbo sí Ìbàdàn ló ń ná. Bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nínú ìgbẹ́ rẹ̀ báyìí, gbogbo garéèjì ti mọ orúkọ tí wọ́n máa pè é: jẹ̀dí-jẹ̀dí. Ta ni awakọ̀ tí kò ní jẹ̀dí? Ẹni tó ń jókòó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó ń fi mínírà lé oúnjẹ. Obìnrin alágbo wà níbẹ̀ láràárọ̀ pẹ̀lú àwọn ìgò rẹ̀, èyí tí wọ́n fi omi sè àti èyí tí wọ́n rẹ sínú ògógóró. Bọ̀dá mi mu ún fún bí ọdún kan ààbọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á dá fún ọ̀sẹ̀ méjì, á tún padà. Nígbà mìíràn, yóò lo ọjọ́ mẹ́rin láì rí ìgbẹ́ yà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, yóò dá mọ́tò dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Ìbàdàn.

Ohun tí mo rántí jù ni ìgbànú rẹ̀. Ìgbànú awọ dúdú ni. Bí ṣòkòtò ṣe ń tóbi jù fún un ló ń fi ìṣó lu ihò tuntun sí i. Nígbà tí a ń kó ẹrù rẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, mo ka ihò mẹ́rin tí wọn kò lù sí i níbi tí wọ́n ti ṣe é. Ihò mẹ́rin ló lù lójú wa, tí àwa ń sọ pé agbo ló ń fọ ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù, pé kò burú bó bá fúyẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, jẹjẹrẹ ìfun ńlá ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀. Kò pé oṣù méje sígbà náà tó fi kú.

Jẹ̀dí-jẹ̀dí wà lóòótọ́, ó sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè ya ẹ̀jẹ̀ jẹ̀dí sọ́tọ̀ kúrò lára ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá ń rí ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ yíyà rẹ̀ ti yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń rù láì mọ ìdí, ọ̀rọ̀ ọdún mélòó kò kàn án mọ́. Kó lọ rí dókítà lọ́sẹ̀ yẹn ni. Ọ̀rọ̀ ọdún tí mo fẹ́ sọ yìí, ti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí nǹkan kan kò ṣe, ni.

Ohun tó ń dùn mí títí dòní ni pé nígbà tí a sin Bọ̀dá tán, kò sẹ́ni tó pe àwa àbúrò rẹ̀ jókòó pé ọ̀rọ̀ yìí kàn yín o. Bí bàbá, ìyá, ọmọ ìyá tàbí ọmọ èèyàn bá ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá kó tó pé ẹni 60 ọdún, ìlànà tí ọ̀pọ̀ dókítà ń tẹ̀ lé ni pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò oníkámẹ́rà láti 40 ọdún, tàbí kó yọ ọdún 10 kúrò nínú ọjọ́ orí tí wọ́n fi rí i lára ẹni yẹn, kó sì mú èyí tó bá kéré jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọdún márùn-márùn-ún ni. Ẹni ọdún 45 ni mí nígbà tí Bọ̀dá kú. Mo ti pẹ́ lẹ́yìn nígbà náà, mi ò sì mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ lórí rédíò ló gbé mi lọ ní 2015. Wọ́n ní kí n má jẹun lálẹ́. Kí n sọ òótọ́, mi ò jẹun lálẹ́. Ṣùgbọ́n ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo ti jẹ àmàlà àti gbẹ̀gìrì pẹ̀lú ewédú, mo sì fi zobo tútù lé e. Oògùn tí wọ́n ní kí n pò mọ́ omi, mo mu ún dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí, mo bá da ìyókù nù. Mo rò pé bí mo ṣe yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta yẹn náà ti tó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni mo jẹ. Kò sẹ́ni tó bi mí pé ta ló kú nílé yín.

Ọdún Iléyá 2017 ni Kẹ́hìndé mi wálé láti Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì ni. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú Ọdún Ọ̀ṣun ni, ìgbà tí àwọn àlejò máa ń ra àdìrẹ jù lọ, gbogbo ilé ló rí wúruwùru, ló bá ń bá mi to àpótí. Ó rí ọ̀rá náà, ó tú u, ó ka ìwé tó wà nínú rẹ̀ lórí ìdúró. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí ẹní.

"Mọ́mì, ta ló ní kí ẹ padà lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá?"

Mo sọ fún un.

"Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ìgbẹ́ ṣì kún inú ìfun yín, pé àwọn ò ríran dé apá ọ̀tún rárá. Wọ́n ní kí ẹ tún un ṣe láàárín ọdún kan. Ṣé wọ́n bi yín nípa Bọ̀dá Àgbà?"

"Wọn ò bi mí."

"Ṣé ẹ̀yin náà sọ fún wọn?"

Mi ò sọ fún wọn. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí n sọ ọ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ òkú ni.

Ọjọ́ yẹn ló yé mi pé ìdí mẹ́ta ló ń gbé ọdún 10 dúró: kí ìfun mọ́ débi tí dókítà á fi rí gbogbo rẹ̀, kí kámẹ́rà dé ìpẹ̀kun, kí wọ́n má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn èyí, kí àìsàn náà má sí nínú ẹbí. Nínú gbogbo rẹ̀, èmi ò ní ẹyọ kan tó pé. Wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan, lóòótọ́ ni. Ẹni tó wo inú kànga tó dúdú náà lè sọ pé òun ò rí nǹkan kan.

Ifẹ̀ ni mo ti tún un ṣe, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn. Lọ́tẹ̀ yìí, Kẹ́hìndé ló mú ọwọ́ mi. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kò sí ẹ̀wà, kò sí ẹ̀pà, kò sí ẹ̀fọ́, kò sí ata tàbí tòmátì tó ní hóró. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la, omi tó mọ́ nìkan: omi lásán, tíì tí kò ní mílíìkì, omitoro ẹran tí wọ́n sẹ́ dáadáa. Ohun mímu pupa kankan kò gbọdọ̀ dé ẹnu mi, torí yóò dà bí ẹ̀jẹ̀ lójú kámẹ́rà. Oògùn náà, lítà mẹ́rin, a pín in sí méjì: ìdajì nírọ̀lẹ́, ìdajì ní ìdájí. Nítorí ìdajì ìdájí yẹn ni mi ò fi lè ti Òṣogbo lọ láàárọ̀. Ta ló fẹ́ wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà Sẹ́kọ̀nà pẹ̀lú irú inú bẹ́ẹ̀? Ilé ẹbí ọkọ mi kan ní Ifẹ̀ ni mo sùn, wọ́n sì fún mi ní yàrá tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ jù lọ. Ọlọ́run á ṣe ilé wọn dáadáa.

Nígbà tí mo ń kùn ní lítà kejì, Kẹ́hìndé sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára. Ó ní, "Mọ́mì, bí ẹ bá yọ aṣọ nínú aró, ṣé ìgbà tí ẹ bá ṣàn án lẹ́ẹ̀kan ni ẹ ń sá a?" Mo ní rárá o. Omi àkọ́kọ́ á dúdú kirikiri, èkejì á ṣì wà bí ojú ọ̀run òru, a ó máa ṣàn án títí omi á fi mọ́ gaara. Ó ní, "Ìfun yín náà nìyẹn. Bí omi tó ń jáde kò bá tíì mọ́ bí ìtọ̀, a ò tíì ṣàn án tán." Mo mu gbogbo rẹ̀.

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ oorun, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí wọ́n parí. Nígbà tí mo lajú, dókítà ní àwọn rí ẹran mẹ́ta tó hù sára ìfun mi, èyí tí wọ́n ń pè ní pólípù. Méjì kéré gan-an. Ẹ̀kẹta jẹ́ milimítà 12, tó hóró àgbàdo. Apá ọ̀tún ló wà, níbi tí wọn ò ríran dé ní 2015. Wáyà tín-ín-rín bí okùn tàkúté ni wọ́n fi gé wọn níbẹ̀ náà, mi ò mọ nǹkan kan lára. Láàbù ní kì í ṣe jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n irú èyí tó lè yí padà di jẹjẹrẹ ni.

Dókítà yẹn fara balẹ̀ ṣàlàyé fún mi, mi ò lè gbàgbé rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń bẹ̀rẹ̀ bí irú ẹran kékeré yìí, ó sì sábà máa ń gbà tó ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yí padà. Ibẹ̀ ni ọdún 10 ti wá. Ìwọ̀n ìgbà tí ẹran kékeré fi ń dàgbà ni wọ́n fi ń ka ọdún fún wa. Ẹni tí ìfun rẹ̀ mọ́ lónìí, bí nǹkan bá tilẹ̀ hù lọ́la, a máa bá a lójú ọ̀nà. Èmi tí tèmi ti tó hóró àgbàdo, ó ní kí n padà lẹ́yìn ọdún 3.

Ọdún 3 já sí 2020, kòrónà dé, gbogbo nǹkan dúró, ó di 2021. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀rù gbà mí lọ́kàn. Bí inú bá ti kùn díẹ̀, mo ti ń ro ìgbànú Bọ̀dá. Mo pinnu pé ọdọọdún ni mo máa máa ṣe é, mo sì sọ fún dókítà bẹ́ẹ̀. Ó ní rárá. Ó ní kámẹ́rà lè lu ìfun, bí kò tilẹ̀ tó ẹyọ kan nínú ẹni 1,000. Ibi tí wọ́n gé lè ṣẹ̀jẹ̀. Abẹ́rẹ́ oorun náà ní tirẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá sì ṣe ń lọ sókè ni ewu wọ̀nyí ń pọ̀ sí i. Ẹni tó bá ń ṣe é ju bó ṣe yẹ lọ, ewu ló ń rà lówó rẹ̀, láì rí ààbò kún ti tẹ́lẹ̀.

Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ọdún fún kálukú. Ó ní àwọn dókítà Amẹ́ríkà tún ìṣirò náà ṣe ní 2020. Bí ẹran tó lè di jẹjẹrẹ bá jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, tí kò sì tó milimítà 10, ọdún 7 sí 10 ni. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó kéré, ọdún 3 sí 5. Bó bá tó márùn-ún sí mẹ́wàá, tàbí tí ọ̀kan ṣoṣo bá tó milimítà 10, ọdún 3. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, ọdún kan péré. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò ní 2021 yẹn, ìfun mi mọ́, wọn kò rí ohunkóhun, ó bá fún mi ní ọdún 5. 2026 nìyẹn.

Àwọn obìnrin ọjà, pàápàá àwọn tó ń ta aṣọ lọ́dọ̀ wa ní Ọjà Ọba, máa ń bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni kí àwọn bẹ̀rẹ̀, àwọn tí kò sí irú rẹ̀ nílé wọn. 50 ni wọ́n ń pè tẹ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí jẹjẹrẹ yìí ń pọ̀ sí i láàárín àwọn tí kò tó 50, wọ́n mú un wá sí 45. Ẹgbẹ́ tó ń rí sí jẹjẹrẹ níbẹ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́ ní 2018, ìgbìmọ̀ ìjọba sì tẹ̀ lé e ní 2021. Chadwick Boseman, òṣèré dúdú tí àwọn ọmọ wa fẹ́ràn, ẹni ọdún 43 ni nígbà tí jẹjẹrẹ ìfun pa á ní 2020. Ní Nàìjíríà níbí, kò sí lẹ́tà tí ìjọba ń kọ ránṣẹ́ síni pé ọdún rẹ ti pé, máa bọ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá rántí.

Àbúrò mi ọkùnrin kọ̀ jálẹ̀. Ẹni ọdún 48 ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni wọ́n ń wá ní ìdí òun, pé owó tí wọ́n fẹ́ gbà náà pọ̀. Mi ò bínú sí i, ìtìjú yẹn ń mú ọ̀pọ̀ ọkùnrin. Àyẹ̀wò oníkámẹ́rà ló yẹ ẹni tó wá láti irú ilé wa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ̀ ọ́ pátápátá, àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FIT sàn fíìfíì ju kó jókòó lọ. Igi tín-ín-rín kan ni wọ́n ń fi tọ́ ìgbẹ́ díẹ̀ sínú ike kékeré, láàbù á wá wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ èèyàn tí ojú ò rí wà nínú rẹ̀. Kò sí ohun tó kan oúnjẹ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni, torí kò lè rí ohun tí kámẹ́rà ń rí. Bí ó bá sì fi ẹ̀jẹ̀ hàn, kò sí pé mo fẹ́ tún FIT ṣe bóyá á yí padà; kámẹ́rà ló kù. Àbúrò mi gbà á bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìkanra. Oṣù Kìíní ọdọọdún ni mò ń pè é, bí ẹni ń sin gbèsè.

Ti Àlàájà, ìyá wa, ló le jù fún mi. Ní 2022, ó pé ẹni ọdún 83, kò sì ṣe àyẹ̀wò náà rí. Lójú tèmi, ìyá tó sin ọmọ nítorí àìsàn yìí, bí a kò bá yẹ̀ ẹ́ wò, a ti pa á tì. Mo mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọkùnrin náà ṣàlàyé fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó wá ní, "Màmá, ẹ̀yin gan-an ńkọ́? Kí lẹ fẹ́?"

Àlàájà tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Bí ẹ bá rí i, kí lẹ máa ṣe sí i?"

"Bó bá kéré, a ó gé e, Màmá."

"Bí ẹ ò bá gé e, ọdún mélòó ló máa lò kó tó yọ mí lẹ́nu?"

Dókítà ní ó lè tó ọdún mẹ́wàá.

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni mí. Ẹ ń fún mi lóògùn ọkàn, ẹ ń fún mi lóògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹsẹ̀ mi ń wú. Ẹ wá fẹ́ kí n mu omi lítà mẹ́rin, kí n máa sáré lọ sẹ́yìnkùlé lóru. Bí mo bá ṣubú níbẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀rọ̀ tí òun fẹ́ sọ gan-an ni Màmá sọ yẹn. Títí dé ọdún 75, ẹni tí ara rẹ̀ le kò ní jàre láti sá fún àyẹ̀wò yìí. Láti 76 dé 85, ti kálukú ló yàtọ̀: bí ara ṣe le sí, ohun tí wọ́n rí tẹ́lẹ̀, ohun tí ẹni náà fúnra rẹ̀ fẹ́. Tó bá ti kọjá 85, wọn kì í ṣe é mọ́ fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe. Ó ní ẹni ọdún 78 tó ṣì ń rìn lọ sóko, tí kò sì ṣe é rí, òun lè gbà á níyànjú pé kó ṣe é. Fún Àlàájà, ọkàn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ san owó rẹ̀.

Mo sunkún nínú mọ́tò. Àlàájà ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ní, "Kì í ṣe pé mo fẹ́ kú. Mo fẹ́ sùn lóru ni." A jọ ṣàdéhùn pé bó bá rí ẹ̀jẹ̀, bó bá ń rù, kò gbọdọ̀ fi pa mọ́ fún mi, a ó sì lọ lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní 85 báyìí, ó ṣì ń bá àwọn oníbàárà mi ná ọjà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, mo kọ ọdún mi sínú rẹ̀, mo sì fi ọjọ́ orí mi sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. 2026, ẹni ọdún 62. Bó bá mọ́, 2031, 67. 2036, 72. Mo kọ 2041 náà, 77, ṣùgbọ́n mo fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí mi ò mọ irú ọkàn àti ẹsẹ̀ tí n ó ní nígbà yẹn. Màá bi dókítà ní ìbéèrè tí Àlàájà bi í.

Ní ojú ewé kejì, mo kọ Táyé àti Kẹ́hìndé. Èmi rò pé 45 làwọn méjèèjì máa bẹ̀rẹ̀, bí ti gbogbo ayé. Kẹ́hìndé ní rárá, pé hóró àgbàdo tí wọ́n gé lára mi nígbà tí mo jẹ́ ẹni ọdún 53 ti tó láti kó àwọn náà sínú ìṣirò. Wọ́n bí wọn ní 1989. Mo kọ 2029, ọdún tí wọ́n máa pé 40, síwájú orúkọ àwọn méjèèjì, mo ká ìwé èsì 2015, ti 2017 àti ti 2021 sáàárín ìwé náà, mo sì gbé e lé orí tábìlì tí a ti ń ṣírò owó aró, níbi tí gbogbo ojú á ti máa rí i.